Etí Òsì Ìyá Mi

Ìyá mi ò kàwé rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í, á ní iléèwé alámọ̀ abúlé wa, lọ́nà Ìlobù sí Ìfọ́n, lòun ti jáde. Ẹ má tíì pè é ní onírọ́.

Láyé ìgbà náà, ta ló mọ ọjọ́ orí ọmọ? Tí wọ́n bá mú ọ dé iléèwé, tíṣà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Tó bá kàn án, o wọlé. Tí kò bá kàn án, ó di oko, kí o lọ máa lé ẹyẹ. Ìyá mi sì kúrú! Ọdún mẹ́ta gbáko lọwọ́ rẹ̀ ò fi dé etí. Tó bá ti fẹ́ dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tíṣà á jágbe mọ́ ọn: "Gbé orí dúró!" Nígbà tí ọwọ́ máa fi kan etí, àbúrò mẹ́rin ti wà nílẹ̀ tó ń pọ̀n, bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìwé ti parí.

Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ kíláàsì, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí màlúù ń yàgbẹ́ sí tó o. Ó ń pa ilẹ̀ tí kò láyè láti jókòó lé.

Lọ́dún tó kọjá, òjò ti jẹ ilé náà tán, wọ́n fẹ́ wó o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní káwọn pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

"Kọ tèmi náà," ni ìyá mi wí.

"Màámi, ẹ ò kàwé níbẹ̀ mà."

Háà! Ó kẹ́yìn sí mi, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, alága, bàbá arúgbó kan tó fẹ́ràn òyìnbó sísọ, ní kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé nìkan jókòó níwájú. Ìyá mi dìde. Ojú gbà mí tì, mo fà á láṣọ, ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó tú gèlè. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí làkúrègbé ti ń bá jà, ó ń tì í gba orí kọjá díẹ̀díẹ̀, ó ń ké "Yéè! Yéè!" Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ kan etí òsì.

"Alága, ẹ wò ó dáadáa o. Mi ò tẹ orí. Ibo ni kí n jókòó sí?"

Alága dìde lórí àga tirẹ̀, ó fi lọ̀ ọ́. Èmi ń nu ojú, mo ń wá bírò.