Ọjọ́ Tí Mo Tú Fíìmù Ítálì Níwájú Ìyá Ìjọ

Ìtàn kejì nínú fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí Ìyá Ìjọ wa lórí àga iwájú, nínú aṣọ àdúrà funfun. Ohùn mi ni wọ́n gbọ́ nínú sípíkà bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n rò pé ìsìn là ń ṣe.

Oníròyìn ni mí, ó ti lé lógún ọdún. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń ṣe ògbufọ̀ ní ìjọ wa ní Ìgàndó: Ìyá Ìjọ á wàásù ní Yorùbá, èmi á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá fi pè mí ní ọ̀sán Sátidé kan. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ láti Ítálì ni wọ́n fẹ́ wò. Ìtàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, obìnrin kan sì ń fi ẹwà fa ọkùnrin mọ́ra nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán, èmi á máa sọ ọ́ ní Yorùbá.

Bí mo ṣe rí Ìyá Ìjọ, mo mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́la.

Obìnrin inú fíìmù fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Wọlé, ọkọ mi ò sí nílé." Èmi ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ni ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ṣòkòtò.

"Irú àdúrà wo nìyẹn?" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn. "Àbí wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ lódò ni?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde.

"Ògbufọ̀, ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Rárá, Mọ́mì. Nítorí yín ni mo ṣe pa á dà."

"Nítorí mi? Ọmọ mẹ́fà tí mo bí, ṣé ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí wọn he?" Ojú wọn wá le. "Ìwàásù mi ńkọ́? Mélòó lo ti pa dà níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan padà níbi iṣẹ́, wọ́n á lé mi.

"Mi ò pa ìkankan dà rí, Mọ́mì. Tòní nìkan ni."

Wọ́n yíjú sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ fíìmù, wọ́n ní, "Dá a padà sẹ́yìn. Kó sọ ọ́ bó ṣe wà."

Ògbufọ̀ ìjọ kì í fi "ó ní" kún ọ̀rọ̀; bí oníwàásù bá ṣe sọ ọ́ lòun náà á ṣe sọ ọ́. Mo fi ohùn ọkùnrin mi tó ń dún bí gbẹ̀du sọ pé, "Wọlé, ọkọ mi ò sí nílé."

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń lu itan. "Ẹ wo bó ṣe ń wọlé! Kò bi í léèrè ìgbà tí ọkọ ń bọ̀. Ọ̀dẹ̀ ni jàre!"

Wọ́n jókòó wo ìtàn kẹrin tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fọwọ́ tọ́ mi léjìká.

"Aago mẹ́sàn-án lọ́la, má pẹ́ o. Àwọn ọkùnrin tó ń wọlé onílé ni mo fẹ́ bá wí, gbogbo ẹ̀ lo sì máa tú."

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.