Ààrò Tí Wọ́n Tú Kó Tó Tutù

Kò sí ẹni tí inú ń bí tó Astamaya Prajapati ní gbogbo ìlú Bhaktapur ní Nepal, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Àárín ojúde àwọn amọ̀kòkò nilé rẹ̀ wà. Láràárọ̀ ni ọkọ̀ máa ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá láti Kathmandu. Wọ́n á wo tẹ́ńpìlì alájà márùn-ún, wọ́n á lá wàrà dídì inú ìkòkò, lẹ́yìn náà wọ́n á dé ọ̀dọ̀ àwọn Astamaya fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó gun òkè Nagarkot lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, wọ́n á ré ìkòkò tó ń gbẹ lọ́wọ́ kọjá, wọ́n á sì na kámẹ́rà débi imú èèyàn láìkí i. Níbòmíràn, orúkọ wà tí wọ́n ń pe ẹni tó bá wọ àgbàlá onílé tí kò kí i. Ní Bhaktapur, àlejò ni wọ́n ń pè é.

Ọdún kọkànlá rèé tí Ratnalal ọkọ rẹ̀ ti kú. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò kan, Subarna ọmọkùnrin wọn, àti ìyá tó bí Ratnalal, Chirimaya. Ládùúgbò yẹn, ọkùnrin ló ń yí kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò. Àwọn obìnrin á máa po amọ̀, wọ́n á máa sá ìkòkò, wọ́n á sì máa rù ú. Nígbà tí Astamaya jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà ní oṣù kẹta ikú ọkọ rẹ̀, àwọn àgbààgbà mẹ́ta wá bá a pé èèwọ̀ ni. Chirimaya gbé ọwọ̀, ó jáde sí wọn.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ tiyín ló ń yí ni? Ẹ padà sílé yín, ẹ lọ mu tíì!"

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Nísinsìnyí, Chirimaya ti fẹ́ pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, oṣù méje àti ọjọ́ méje. Lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Newar, ẹni tó bá pé ọjọ́ orí yẹn ti kúrò ní èèyàn lásán. Wọ́n á ṣe ayẹyẹ janku fún un, wọ́n á gbé e gun ọkọ̀ onígi, wọ́n á sì fi okùn fà á yí àdúgbò ká. Wọn kì í sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ìkòkò tí wọ́n bá fi ṣe ètùtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kò sì gbọdọ̀ sán rárá. Astamaya búra pé ọwọ́ òun nìkan ni yóò mọ ìkòkò ìyá ọkọ òun. Odindi oṣù kan ló fi mọ wọ́n. Ó tò wọ́n sínú ààrò, ó fi koríko ìrẹsì gbígbẹ dí wọn, ó bu eérú bò wọ́n, ó sì tanná sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni iná máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u kó tó tutù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni janku.

Lọ́jọ́ kejì, Subarna kó àlejò mẹ́sàn-án dé. Kì í ṣe ọmọdé, ó ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ afinimọ̀nà ló sì ń ṣe.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí wọ́n rí iná."

"Orí ẹ pé ṣá?"

"Ìṣẹ́jú kan péré ni! Èéfín nìkan ni wọ́n ń rí, kò dáa ní fọ́tò."

"Subarna, ìkòkò ìyá bàbá ẹ ló wà níbẹ̀. Tó o bá fọwọ́ kàn án, èmi pẹ̀lú ẹ ni o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Astamaya gbà á gbọ́, torí ọmọ òun ni. Ó gun òkè ilé lọ gbé oúnjẹ fún Chirimaya. Kò tíì bu ìrẹsì tán tó fi gbọ́ ariwo àti àtẹ́wọ́ nísàlẹ̀. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Subarna tó fi igi tú ẹ̀gbẹ́ ààrò, iná ń jó lala, kámẹ́rà sì ń ṣẹ́jú. Atẹ́gùn tútù wọ inú ààrò. Ló bá gbọ́ ọ, pá, pá, pá, ìkòkò ń sán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò mọ bó ṣe sọ̀ kalẹ̀.

"Olórí kunkun! Aláìnítìjú! Ìyá bàbá ẹ lo fi ń ṣeré fún wọn wò? Kó wọn kúrò níwájú ilé mi!"

Subarna yíjú sí àwọn àlejò, ó fi èdè òyìnbó bá wọn sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ló bá di pé àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, wọ́n tẹrí ba fún Astamaya tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó yà á lẹ́nu. Obìnrin kan láàárín wọn, ará Darjeeling ní Íńdíà tó gbọ́ èdè Nepali, sún mọ́ ọn, ojú sì ń tì í.

"Ẹ má bínú, mà. Ó sọ fún wọn pé ẹ ń súre fún wa ni."

Èyí ló wá dùn ún wọra. Ọmọ tó bí gba ìbínú rẹ̀, ó sọ ọ́ di ìwúre, ó sì fi ṣe àlejò.

"Mọ́mì, ìkòkò ṣáà ni," Subarna rọra sọ. "A ó ra òmíràn."

"Kí n ra ìkòkò? Nínú ilé amọ̀kòkò?"

Nígbà tí ààrò tutù, méje péré ló yè nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn aládùúgbò gbé ìkòkò tiwọn wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Astamaya dúpẹ́, ó gbà á, ó sì wọ yàrá lọ sunkún. Inú ló ń bí i tó fi ń sunkún.

Lọ́jọ́ janku, wọ́n gbé Chirimaya jókòó sínú ọkọ̀ onígi, òun pẹ̀lú aṣọ pupa àti òdòdó lọ́rùn. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ́kùnrin ló máa ń fa okùn rẹ̀. Subarna dé, ó wọ aṣọ funfun tuntun, àlejò méjìlá sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó lọ síwájú, ó di okùn mú.

"Fi sílẹ̀," Astamaya sọ.

"Mọ́mì, gbogbo ayé ń wò wá o."

"Ìwọ lo ṣáà kó wọn wá. Fi okùn yẹn sílẹ̀."

Àgbàlagbà kan bọ́ síwájú. "Ìyá Subarna, sùúrù. Obìnrin kì í fà á."

Kí Astamaya tó dáhùn, Chirimaya ti gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà gbàgà.

"Ìjókòó yìí ti ń le o! Ìyàwó mi, fà mí."

Astamaya gba okùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fà á. Àwọn ìbátan rọ́ tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà sì ṣí. Subarna dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ń wo ìyá bàbá rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ, bí ẹni tó wá wòran láti Kathmandu.