Ọ̀nà Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ojú mi ló rí i, etí mi ló sì gbọ́ ọ. Mi ò kì í mutí. Orí mi pé.

Rumuomasi, ní Port Harcourt níbí, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń dirun. Ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Onne. Tí oníbàárà ò bá sí, mo máa ń ya àwòrán. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ra kánfásì, mo ra ọ̀dà olóróró, mo bẹ̀rẹ̀.

Etí omi kan ní Rumuolumeni ni mo yà. Mo ya omi, mo ya igi, mo ya ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti etí omi jáde sí títì. Mo tún fi ọ̀dà pupa díẹ̀ kan ọ̀ọ́kán, kó dà bí obìnrin tó dúró lókèèrè, kí ibẹ̀ má bàa ṣófo.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sínú gúrúùpù àwa ayàwòrán tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, inú mi ń dùn. Àfi Délé, ará Ìbàdàn, tó máa ń ṣe bí ọ̀gá fún gbogbo wa.

Ó kọ ọ́ pé, "Madam, ó dáa o, àmọ́ ọ̀nà yẹn ń ba àwòrán jẹ́. Ẹ fi koríko bò ó."

Inú bí mi, kí n má parọ́ fún yín. Síbẹ̀ mo po ọ̀dà aláwọ̀ ewé, mo bo ọ̀nà náà pátá, mo tún gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Háà, wọ́n yìn mí! Délé ní òun máa ya irú ẹ̀ gan-an, láìsí ọ̀nà. Òun ò ní sùúrù fún ọ̀dà olóróró, ọ̀dà tó ń gbẹ kíákíá ló máa ń lò.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí n lọ wo bí oòrùn ṣe ń tàn sí omi yẹn, kí n lè parí iṣẹ́ mi. Ọ̀sán gangan ni o. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mo gbà dé etí omi. Mo wò ó tẹ́rùn, mo yíjú padà kí n máa lọ ilé.

Kò sí ọ̀nà.

Ẹ gbà mí gbọ́. Koríko ni mo rí, ó ga jù mí lọ, ó dí pa. Mo yà sápá òsì, etí omi ni mo bá ara mi. Mo yà sápá ọ̀tún, etí omi náà ni. Mo ń gbọ́ hóònù kẹ̀kẹ́ ní títì, mi ò sì lè débẹ̀. Mo wá wo àwọ̀ koríko yẹn dáadáa. Èmi ni mo po àwọ̀ yẹn.

Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin kan tó wọ pupa. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́.

"Mama, abeg, which side road dey?"

Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ mi ò rí ojú, mi ò rí imú, mi ò rí ẹnu. Bó ṣe rí lókèèrè náà ló ṣe rí nítòsí. Yéè! Ṣé ẹ rí i, mi ò ya ojú fún un.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Na you close road?"

Mo tẹ fóònù, mo pe ọkọ mi.

"Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kẹrosíìnì sí àkísà, kí ẹ nu koríko ìsàlẹ̀ àwòrán mi kúrò."

"Ṣé kò sí o, Ìyá Tóyìn? Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ nù ún báyìí."

Ó dìde, ó ń kùn. Ọ̀dà olóróró kì í tètè gbẹ, òun ló kó mi yọ. Bí mo ṣe ń gbọ́ àkísà lórí kánfásì nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni koríko ń pòórá níwájú mi, tí òórùn kẹrosíìnì gba gbogbo etí omi. Ọ̀nà yọ. Mo sáré, bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀, mi ò wẹ̀yìn.

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Leave am open."

Mo ròyìn ẹ̀ fún gúrúùpù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Délé gan-an ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ní iṣẹ́ ń gbé òun bọ̀ ní Port Harcourt, òun máa bá mi kí ìyá aláṣọ pupa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí. "Àǹtí, ẹ dákun, ọkọ mi ò tíì padà. Ó ní ibi tí ẹ yà lòun ń lọ."

Mo ní kó sáré mú àkísà àti kẹrosíìnì, kó nu koríko orí àwòrán tí ọkọ ẹ̀ yà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń nù ún, tó ń mí gúlegúle.

"Kò jáde o, àǹtí," ó ní, ó ti ń sunkún. "Ó ti gbẹ."

Bàbá Tóyìn mú àwọn ọlọ́pàá lọ síbẹ̀. Ọ̀nà wà, omi wà. Wọ́n bá bàtà mi, wọ́n sì bá bàtà ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò bá èèyàn kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ibi tí ẹ mọ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bo ọ̀nà, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ìyàwó Délé ti ra ọ̀dà, ó ń ya ọ̀nà lé àwòrán tí ọkọ ẹ̀ yà láràárọ̀, ó sì máa ń fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pé ṣé ó ti dé títì.