Ìka Tí Bàbá Mi Fi Ń Ti Sípíkà

Kò sí sípíkà tí bàbá mi máa tẹ́tí sí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kan ti orí rẹ̀ wò. Iṣẹ́ wọn nìyẹn ní Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Nílé àwọn olówó tó gbé sípíkà gíga lé orí kápẹ́ẹ̀tì, Bàbá á kúnlẹ̀, wọ́n á ti òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ títí tí kò fi ní mì mọ́.

"Bí ìdí ò bá jókòó, ohùn ò lè dúró," ni wọ́n máa ń wí.

Oníbàárà á pàtẹ́wọ́, á fi èdè Faransé sọ pé ó ti dáa: "Papa, c'est bon!"

Ilé tiwa ní àdúgbò Ndogbong wá ńkọ́? Àga tí màmá mi máa ń jókòó lé dáná ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Gbogbo ìgbà ni Màmá ń bẹ̀ wọ́n. "Màá ṣe é," ni Bàbá ń sọ. Páálí ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkúta iṣẹ́ wọn kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tí àga náà yẹ̀, epo gbígbóná dà sí màmá mi lápá. Nígbà tá a ti ọsibítù dé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan ti àga náà.

"Ó mà ń mì o."

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní: "Ká ní ó ń kọrin ni, ẹ̀ bá ti tún un ṣe tipẹ́."