Ojú Màmá Mi Tó Bá Wa Gun Òkè

Òórùn ẹ̀pà yíyan ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá mi ti da iyanrìn sínú agbada lẹ́yìn ilé wa ní Bódìjà, wọ́n ń yí ẹ̀pà nínú rẹ̀, èéfín sì ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí ẹní. Ẹ̀pà ìrìn àjò ni. Àǹtí Fúnkẹ́, àbúrò màmá mi tó ń kàwé ní yunifásítì tó sì ń gbé yàrá kan ní Agbowó, fẹ́ mú èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi lọ gun òkè ní apá Òkè-Ògùn. A óò máa ti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, a óò máa sùn lójú ọ̀nà, títí a óò fi já sí ìlú kékeré kan tí a ti máa rí ọkọ̀ padà sílé.

Bàbá mi ò rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n bí sórí òkè ti sọ̀ kalẹ̀ wá ń wá iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, àwa tí a jókòó jẹ́jẹ́ n'Íbàdàn wá fẹ́ lọ gùn ún. Ọdún yẹn, epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àǹtí dá wọn lóhùn pé ẹsẹ̀ kì í mu epo.

Ti màmá mi ni ẹ̀kọ́ ilé. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí kí a tó jáde, ìbáà ṣe ilé aládùúgbò là ń lọ. Òfin wọn ò lọ́jú pọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ní ká wá jẹun, ká ní "Á gba ibi ire," ká wá wo ojú màmá mi. Bí wọ́n bá la ojú méjèèjì sí wa, èèwọ̀ ni. Bí wọ́n bá di ojú kan díẹ̀, ká gbà á, ká sì dúpẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ojú yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára àwọn kan nínú yín.

Ìṣojú wa ni wọ́n ṣe fi ojú náà lé Àǹtí lọ́wọ́. "Fúnkẹ́, ojú mi nìyí lọ́wọ́ ẹ o. Èyí tó bá ṣe wọ̀bìà nínú wọn, kí o wá sọ fún mi." Ẹni tí wọ́n bá fi sùn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Olúyọ̀lé ni yóò ti lo ìyókù ọlidé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, ìṣirò ni wọ́n fi ń jí ọmọ láàárọ̀. Mo lè fara da òjò àti apáta, ṣùgbọ́n n ò lè fara da ìyẹn.

Òkè dùn, n ò ní purọ́. Ọ̀sán, apáta a máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí òjò bá fọ́n sí i, a máa yọ̀ bí ilá. A sùn ní abà kan, a sùn ní kíláàsì ilé ìwé kan tí olùṣọ́ rẹ̀ yá wa ní ẹní. Bàtà mi bó mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú àpò tí Àǹtí gbé kọ́ ẹ̀yìn, èmi àti Káyọ̀dé sì ń tẹ̀ lé wọn, à ń na ọwọ́ bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àṣé òkè gígùn máa ń fún ènìyàn lágbára báyìí, ẹrù àwọn ti ń fúyẹ́. A ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ibi tí ẹ̀pà ti tán ni Káyọ̀dé ti ju òkò lu ilé agbọ́n. Àwa méjèèjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àǹtí tó dúró pé àwọn ń wá wa ni agbọ́n ta ní ìpéǹpéjú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú òsì wọn ti wú, ó ti dì pátápátá. Àánú wọn ṣe mí, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan, mo sì pa á mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì la sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú náà. N ò ní dárúkọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó wà n'Íbàdàn má baà wá yọ mí lẹ́nu. Kò sí ẹni tó rí wa tí kò kí wa kú ìrìn. Àwọn ọmọdé gba ẹrù lọ́wọ́ wa. Ojúlé tí a bá sì ti kọjá, wọ́n á ní ká wá jẹun, Àǹtí á ní á gba ibi ire. Ojúlé kejì, á gba ibi ire. Lójú tèmi, gbogbo ibi ire tó wà nínú ìlú yẹn ló ti yó, àwa nìkan ni ebi ń pa.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí. Ọmọ kan tó ti oko dé ti sọ fún wọn pé àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀ lórí òkè, wọ́n sì ti gún iyán dè wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú wàrà díndín, wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran awó kún inú rẹ̀. Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀: a ti yó mà, á gba ibi ire. Ojú ìyá náà rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n mú ọmọrí, wọ́n ń rọra dé ìkòkò padà.

"Ìbàdàn náà ni àwọn ọmọ tèmi wà," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti jẹ iyán mi yó."

Àǹtí ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Wọn ò fẹ́ ba ìyá onílé nínú jẹ́, wọn ò sì fẹ́ rú òfin ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n kàn la ojú ọ̀tún tó ṣẹ́kù sí èmi àti Káyọ̀dé, bíi ti màmá mi gẹ́lẹ́.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn Àǹtí kọjá, mo lọ jókòó lápá òsì wọn. Mo wo ojú ibẹ̀ dáadáa, kí n má baà ṣì í. Ó dì. Mo bá kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ ṣeun mà," mo fọ ọwọ́, mo sì bu òkèlè. Káyọ̀dé ṣì wà lápá ọ̀tún níbi tí ojú ti là, ó ń gbé itọ́ mì. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí ìkòkò padà, wọ́n pe òun náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó yá, Àǹtí fúnra wọn fọ ọwọ́. Ọkọ̀ tó yẹ ká wọ̀ fọn fèrè títí, ó lọ.

Bí a ṣe délé, Àǹtí fi mí sùn. Mo ní, "Mo wo ojú yín tó wà lọ́wọ́ Àǹtí mà. Ó dì." Màmá mi wo ìpéǹpéjú àbúrò wọn tó ṣì wú, wọ́n wo èmi. Wọ́n fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Wọ́n wá béèrè bóyá inú ìyá àgbà yẹn dùn. Mo fún wọn ní wàrà tí ìyá náà dì fún wa, wọ́n jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. N ò lọ Olúyọ̀lé.

Àdúgbò Challenge n'Íbàdàn ni mò ń gbé báyìí, èmi náà ti ní ọmọ. Bí mo bá la ojú sí wọn níbi àlejò, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni?" Inú a máa bí mi, torí pé èmi ò lè ní n ò mọ ojú nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo mọ̀ ọ́n jù ni.

Láìpẹ́ yìí, mo mú màmá mi lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan. Dókítà ti ní kí màmá mi jìnnà sí nǹkan dídùn, ọ̀rẹ́ wọn sì gbé kéèkì wá. Mo la ojú méjèèjì sí màmá mi. Wọ́n wò mí, wọ́n rọra gbé àga wọn yí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n na ọwọ́ sí abọ́.

"Láti ibi tí mo wà yìí," wọ́n ní, "ojú ẹ ti dì."

Èmi ṣáà ni mo kọ́kọ́ lọ jókòó sápá ibi tí ojú ti dì.