Àwo Ẹyin Tí Zélie Dín fún Chastrusse

Ní abúlé Vernassac, ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun déédéé ní ilé oúnjẹ Zélie Bourgeade ló ní àyè kan lára pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tó ń fi aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Wọ́n kọ orúkọ oníkálukú sábẹ́ àyè tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, Zélie á fọ aṣọ náà, á lọ̀ ọ́, á sì gbé e fún àwọn ọmọ olóògbé lọ́jọ́ ìsìnkú. Àyè kan wà lókè pátápátá tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ti Anselme ni, bàbá Zélie, kò sì sí aláìgbọ́n tó jẹ́ béèrè fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀kùn ṣí, Fernand Chastrusse wọlé, aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Ajá rẹ̀, Mirette, tẹ̀ lé e.

"Màdámú Zélie, ẹ kú ọ̀sán o. Wọ́n ti ti ilé oúnjẹ ìsàlẹ̀ afárá. Ẹ sì mọ̀ pé ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, omi gbígbóná lásán ló mọ̀ ọ́n sè. Ṣé n lè rí àyè kan gbà lọ́dọ̀ yín?"

Germaine, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn, dúró sójú kan pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tó ń jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ọbẹ̀ wọn bíi pé wọ́n ń ka ìwé nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé láti ìgbà èwe Zélie ni kò ti kí ọkùnrin yìí mọ́.

"Àyè ò wọ́n," ni Zélie dá a lóhùn. "Ẹ jókòó, Bàbá Chastrusse."

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìdáná, Germaine fa Zélie lápá. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ọkùnrin yẹn, nínú ilé yìí?"

"Orí mi ò tíì pé tó báyìí rí. Gbé ọbẹ̀ fún un, kó o bù ú kún."

Ọ̀rọ̀ ajá ló wà láàárín wọn, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Ní Vernassac, olú dúdú olówó gọbọi kan wà tó máa ń hù lábẹ́ ilẹ̀, nídìí igi óákù, nígbà òtútù. Ojú kì í rí i. Ajá tó mọ iṣẹ́ ló ń gbóòórùn rẹ̀, tí á fi èékánná ha ilẹ̀, tí á wá jókòó, tí á máa wo olówó rẹ̀ lójú pé wàràkàṣì tí wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ òun dà. Anselme ní irú ajá bẹ́ẹ̀, Fauvette lorúkọ rẹ̀, ajá pupa kékeré kan tí etí rẹ̀ kan ya, tó sì máa ń sùn sí ìdí ibùsùn Zélie. Kò sí ajá tó tó o ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn ará abúlé máa ń fi Anselme ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú ajá ni imú tirẹ̀ wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, Fauvette dé láti etí igbó, ìfóòfó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ti ju ẹran tó ní májèlé sójú ọ̀nà. Kí ọbẹ̀ tó jinná, ajá ti kú lórí ẹsẹ̀ Zélie. Anselme kò sọ fún ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀, ó sin ín sẹ́yìn ilé, ó wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Zélie lọ sínú igbó láti lọ wá aago ọrùn ajá tó já bọ́ lọ́nà. Ta ló bá lábẹ́ igi óákù bàbá rẹ̀? Chastrusse ni, òun àti ajá tirẹ̀, àpò rẹ̀ ti kún. Kò yọ́ rìn, kò wẹ̀yìn wò, àfi bíi pé ẹnì kan ti sọ fún un pé kò sí ajá tó máa gbó o mọ́. Ó rí ọmọdébìnrin náà, ó ṣí fìlà fún un. "Kú àárọ̀ o, ọmọ dáadáa. Bàbá ẹ ò tíì jáde?"

Anselme fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní ta ló rí i nígbà tó ń ju ẹran náà. Kò sẹ́ni tó rí i.

Anselme kò kọ́ ajá mìíràn mọ́. Ìdí ààrò ló ń jókòó sí. Oúnjẹ yòówù tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á ti àwo sẹ́yìn. "Kò ládùn, ọmọ mi." Zélie kọ́ bí wọ́n ṣe ń se pẹ́pẹ́yẹ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹran màlúù nínú wáìnì, ó kọ́ ẹ̀wà funfun, ó kọ́ àkàrà òyìnbó tó ní èso ápù nínú. Kò ládùn, ọmọ mi. Oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ wá jẹ láti ọ̀nà jíjìn lónìí, ọkùnrin kan tí kò jẹ ẹ́ tán rí ni Zélie fi kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí tó fi kú. Ìgbẹ̀san ló sì kù nínú ọmọ rẹ̀, ó gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ogún.

Nítorí náà, nígbà tí Chastrusse fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, Zélie kò ṣe wàdùwàdù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ń sè, Chastrusse ń jẹ. Bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́, ọkùnrin náà á da wáìnì pupa lé e, á gbé abọ́ sẹ́nu, á gbé e mu bí gbogbo àgbà ibẹ̀ ṣe ń ṣe, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n, á sì bẹ̀rẹ̀ ìfọ́nnu.

Ìfọ́nnu náà kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó ń gbóòórùn agbọ̀n olú gbogbo lọ́jà, tó ń sọ pé èyí dáa, èyí ò dáa, ti kú. Imú Ọjà ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ àjọ̀dún Ántóní Mímọ́, lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó ń wá olú máa ń jẹun pọ̀ nílé Zélie, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yan òmíràn. Láti ìgbà èwe Chastrusse ló ti ń lálàá oyè yìí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá a du ú.

"Imú yìí," á sọ, á fi ìka gbá a, "bí wọ́n bá gé e kúrò lójú mi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí wọ́n kúkú sin mí."

Àṣé ọ̀rọ̀ tó ń sọ lẹ́nu ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kan, eku kan kú sábẹ́ pákó ilẹ̀, nítòsí tábìlì rẹ̀ gan-an. Òórùn náà le débi pé gbogbo ẹni tó jókòó lágbègbè náà gbé abọ́ wọn kúrò. Chastrusse nìkan ló kù síbẹ̀, ó ń jẹ wàràkàṣì lọ. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń sá fún mi? Ṣé mo ti di adẹ́tẹ̀ ni?" Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Zélie tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kò rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà méjì jáde. Ní Vernassac, bí wọ́n bá fẹ́ dín ẹyin olú, wọ́n á kọ́kọ́ kó ẹyin àti olú pọ̀ sínú ìgò, wọ́n á dé e pa fún ọjọ́ mélòó kan, kí òórùn olú lè gba inú èèpo wọ inú ẹyin. Olú wà nínú ìgò kan. Nínú èkejì, ẹyin lásán ni. Zélie ti fi aṣọ bò wọ́n.

"Bàbá Chastrusse, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀. Èwo ló ti gbà á tó?"

Ọkùnrin náà ki imú bọ ìgò ẹyin lásán, ó di ojú. "Háà! Èyí ti gbà á. Èyí gan-an."

Zélie dúpẹ́. Ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ibà òtútù ọdún tó kọjá ti gbé imú Chastrusse lọ, Mirette ló sì ń bá a bo àṣírí.

"Pòtétò tí inú ẹ̀ dúdú, tó wà lẹ́yìn ilé, ni n ó gé sínú ẹyin tirẹ̀," ló sọ fún Germaine.

"Pòtétò! Lọ́jọ́ Ántóní Mímọ́! Bó bá mọ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní ò ń fi pòtétò tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní wọ ilé yìí mọ́ láéláé."

"Bó bá mọ̀, n ó ti ilé náà pa fúnra mi, n ó sì kó kọ́kọ́rọ́ fún un."

Ọjọ́ náà pé. Ilé kún, àwọn ajá tí Fadá Courtine ti súre fún nínú ìsìn dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Bó ṣe jẹ́ àṣà, ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹyin, á sì sọ igi tí olú inú rẹ̀ ti wá. Zélie fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo síwájú Chastrusse. Ẹyin rẹ̀ pọ́n dáadáa, àwọn ègé dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Zélie fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ épúrọ́ọ̀nù.

Chastrusse jẹ ẹ́. Ó di ojú. Ó jẹ ẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó jẹ ẹ́ sí tòsì. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ má tàn mí o. Olú tèmi nìyí! Abẹ́ igi mi tó wà lẹ́bàá kànga ló ti wá. Ó ń run bí ewé tí òjò pa. Ta ni ò ní mọ ọmọ ara ẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fadá gbé ife wáìnì sókè.

"Ẹ dúró ná, Fadá," ni Zélie wí. Ó mú àwo Chastrusse, ó mú ti Fadá, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo méjèèjì, ó gbé wọn sílẹ̀. "Mirette! Máa bọ̀, màmá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ajá mi ṣe?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kì í pa ajá."

Mirette gba ẹ̀gbẹ́ àwo olówó rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ ti Fadá, ó fi èékánná ha ilẹ̀, ó jókòó, ó ń wo Chastrusse lójú pé wàràkàṣì òun dà. Zélie pààrọ̀ àyè àwo méjèèjì. Ajá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Fadá bẹ̀rẹ̀, ó ṣí aṣọ, ó mú ègé dúdú kan nínú àwo Chastrusse sẹ́nu.

"Fernand," ló wí, "pòtétò ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. "Igi pòtétò tó wà lẹ́bàá kànga!" ni wọ́n ń pariwo. Ojú Chastrusse pọ́n, ó tún funfun.

"Ìkà ni ẹ́, Zélie. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Fauvette ni imú bàbá mi. Ìwọ lo gé e."

"Nítorí ajá! Ajá lásán, láti àádọ́ta ọdún bóyá! Ebi ń pa wá lọ́dún yẹn!"

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Gbogbo ilé náà gbọ́ ọ. Ẹ̀rín dá wáí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

"Ebi ń pa gbogbo abúlé," ni Zélie dáhùn. Ó gbé àwo pòtétò padà síwájú rẹ̀, ó fi fọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́ tán."

"Zélie, ó tó," ni Fadá wí.

"Kò tíì tó, Fadá."

Chastrusse wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ojú kan tó bá ojú rẹ̀ pàdé. Ó jẹ ẹ́. Nígbà tó jẹ ẹ́ kan ìdí àwo, Zélie bi í pé, "Báwo ló ṣe rí?"

"Kò ládùn."

"Sọ ọ́ sókè." Ó ń wo àyè bàbá rẹ̀ tó wà lókè pátápátá lára pákó.

"Kò ládùn! Kò sí oúnjẹ tó ládùn lẹ́nu mi mọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?" Ó dìde, ó nawọ́ sí àyè tirẹ̀ láti yọ aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ lọ.

Zélie di ọwọ́ náà mú. "Fi í síbẹ̀. Ta ló lé ọ? Níbo lo tún ti fẹ́ jẹun ní Vernassac? Wá lọ́la."

Wọ́n yan ẹlòmíràn sí Imú Ọjà kí wọ́n tó jẹ wàràkàṣì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Chastrusse kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, ebi lé e jáde. Ó wọlé, ó dorí kodò, ó mú aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Òun ni Zélie kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, itan pẹ́pẹ́yẹ tó dára jù nínú ìkòkò. Ó dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn. Chastrusse tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti àwo náà sẹ́yìn bí Anselme ṣe máa ń ṣe. Inú Zélie tutù bí omi àmù. Ó gbé àwo náà kúrò, ó sì lọ bu òmíràn wá.