Orúkọ Ológìnní Nínú Géèmù

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ológìnní kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láìdi ògiri mú. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń fò láti òrùlé dé òrùlé nínú géèmù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ta ní pálọ̀. Kí lojú ò ní í rí láyé yìí?

Fífò àti ṣíṣubú nínú fíìmù niṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ẹ̀yìn ológìnní kì í balẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ṣe géèmù náà ń wá ẹni tí wọn yóò ká ìṣesí ara rẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n mú. Wọ́n wọ aṣọ dúdú tó fún pinpin sí i lọ́rùn, wọ́n to bọ́ọ̀lù funfun wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára, kámẹ́rà sì yí i ká. Bó ṣe ń fò ni kọ̀ǹpútà ń ká a sílẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni wọ́n wá fi sí ẹni inú géèmù. Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí ni orúnkún rẹ̀ já. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ó kú iṣẹ́, kò tún gbúròó wọn mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́; iṣẹ́ tirẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó lẹ nọ́ńbà mọ́ páálí ní ilé ìkẹ́rùsí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà. Ó fọ́nnu nílé ìwé pé bàbá òun ló ń fò nínú géèmù, wọ́n bá ń pè é ní onírọ́. Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, pé orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ máa ń jáde tí géèmù bá parí. Kó ta á tán, kó ya fọ́tò orúkọ òun lọ fi hàn wọ́n.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà fi ta á. Tó bá ti tàsé òrùlé, ẹni inú géèmù á ṣubú, á yí lẹ́ẹ̀mejì, á gbá ẹsẹ̀ mú. Ìṣubú yẹn ń pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín. Àwọn kan nílé ìwé tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ tàsé nítorí rẹ̀. Bàbá á dìde lọ sí kíṣìnnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó ta géèmù náà parí. Bàbá fi oúnjẹ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: àwọn tó ya òfuurufú, àwọn tó se oúnjẹ, kódà ajá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ àbísọ bàbá, kò sí Ológìnní.

Bàbá ní bóyá wọ́n gbàgbé ni. Òun fúnra rẹ̀ kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ọmọ náà kò wò ó lójú. “Bàámi, ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó gba páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lọ́wọ́ ọmọ, ó mú ẹni inú rẹ̀ sáré dé etí òrùlé, kò sì jẹ́ kó fò. Ẹni inú géèmù ṣubú, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó di orúnkún ọ̀tún mú. Bàbá ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá orúnkún ọ̀tún rẹ̀ hàn án.

“Ọjọ́ tó já gan-an nìyẹn,” ló wí. “Mo mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n ṣubú ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n rò pé mò ń díbọ́n ni.”

Ọmọ bi í pé kí ni wọ́n wá ṣe.

“Wọ́n pàtẹ́wọ́.”